Ọṣẹ Tí A Fi Fọ Aṣọ Ìdí Sàlámátù

Ràṣídá, gbé ọmọ náà fún mi, kí o sì jókòó. Ọṣẹ tó o rà ṣì wà nínú ọ̀rá, síbẹ̀ láti àárọ̀ lo ti ń fi fóònù rẹ wá òmíràn kiri, ò ń ka orúkọ wọn sí wa létí bí ẹni tó ń ka orúkọ àwọn tó ń du ipò. Èyí ní òórùn òdòdó, ìyẹn kò ní òórùn kankan, dókítà ló fọwọ́ sí èkejì. Kúṣì tí ẹ ń rà ní páálí, tí ẹ ń lò lẹ́ẹ̀kan tí ẹ ń jù nù, ti bó ọmọ nídìí, ẹ wá rántí aṣọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ń bi ìyá àgbà pé ọṣẹ wo ni kí ẹ fi máa fọ̀ ọ́. Ìbéèrè yẹn ti wọ ilé wa rí, nígbà tí ìyá ìyá rẹ, Sàlámátù, ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́. Díẹ̀ báyìí ló kù kó lé èmi àti òun kúrò ní Bùàké.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ súnmọ́ mi, nítorí n kò lè pariwo mọ́. Bùàké tí ẹ̀yin mọ̀ ni èyí tí omi ń jáde lára ògiri. Nígbà tí wọ́n gbé mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ níyàwó, ayé àwọn Faransé ni, kòmáńdà òyìnbó ló ń pàṣẹ, fèrè ilé iṣẹ́ aṣọ ní Gonfreville ló sì ń jí wa. Bó bá ti fọn, a ó máa gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ lójú ọ̀nà, a ó máa gbọ́ korobá tó ń gbá ara ògiri kànga bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Bó bá tún fọn lẹ́ẹ̀kejì, ó yẹ kí aṣọ ìdí ọmọ ti wà lórí okùn. Ìyàwó tí tirẹ̀ kò bá tíì sí níbẹ̀, gbogbo agbo ilé ló máa mọ̀ pé ó sùn gbàgbé. A kò ní aago, a kò sì nílò rẹ̀.

Ní ọjọ́ orí mi yìí, ìró àárọ̀ yẹn ni mo máa ń ṣàárò rẹ̀ jù. Gbogbo obìnrin ilé ló ń fọṣọ lẹ́ẹ̀kan náà, lábẹ́ igi máńgòrò, lórí òkúta pẹlẹbẹ tí àwọn tó ṣáájú wa ti fi aṣọ dán. Bí èyí ṣe ń lu aṣọ mọ́ òkúta ni ìyẹn ń fún tirẹ̀, ẹnì kan ń kọrin, ẹnì kan ń bú ọkọ rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Àwọn Baoulé tó múlé tì wá máa ń dúró wò wá, wọ́n á ní àwọn Ànàgó tún ti ń lu aṣọ bí ẹni tí aṣọ ṣẹ̀. Ànàgó ni gbogbo ìlú ń pè wá, a sì ń jẹ́ ẹ. Lónìí, ẹ̀rọ ń fọṣọ ní igun ilé, ó ń kùn hùn-ùn, hùn-ùn, ẹni tó ni aṣọ ti lọ wo tẹlifíṣọ̀n. N kò bú u o. Ọwọ́ mi ìbá tọ́ ju báyìí lọ ká ní a rí i lò.

Ìyá ọkọ mi ló ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Ìyá ni mo ń pè é. N kò fi orúkọ pè é rí, n kò sì ní bẹ̀rẹ̀ lónìí. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé ẹrù wọ̀sìwọ̀sì dé ìlú yìí: ìlẹ̀kẹ̀, abẹ́rẹ́, òwú, dígí, àgádágodo. Nígbà tí bàbá kú, òun àti ọmọ rẹ̀, Ràímì, ọkọ mi, ni wọ́n ń tà á. Ràímì á gbé e lọ sí ọjà Béoumi, Ìyá á jókòó ti ọjà Bùàké. Obìnrin gígùn ni, ojú rẹ̀ le, kì í sì í rẹ́rìn-ín láìnídìí. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí títí. Àmọ́ n kò tíì rí ẹni tó mọ ọjà rà bíi tirẹ̀, pàápàá ọjà ọṣẹ.

Ṣé ẹ mọ bí ó ṣe ń ra ọṣẹ? Ahọ́n ló fi ń rà á. Á bù ú ní bíńtín, á fi lé orí ahọ́n, á di ojú, á dúró, á tu ú dànù. Lẹ́yìn náà ni yóò tó sọ̀rọ̀ iye. Fàntá, obìnrin Jùlá tó ń se kabakúrú, ọṣẹ róbótó bí òkúta tí gbogbo ìlú ń lò, ti mọ̀ ọ́n. Bó bá ti rí Ìyá lókèèrè, á ti bu díẹ̀ sílẹ̀ dè é, á sì pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá wo Ànàgó tó ń jẹ ọṣẹ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ìyá kò ní wò wọ́n.

Èmi kò rẹ́rìn-ín ní tèmi, nítorí mo mọ ohun tó ń wá. Ọlọ́ṣẹ ni ìyá tó bí mi, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìdí ààrò ọṣẹ dúdú ni mo dàgbà sí, láàárín eérú àti àdín. Ọṣẹ tuntun máa ń múná. Omi eérú tó wà nínú rẹ̀, tàbí sódà tí wọ́n fi ń se ti Fàntá, ó gbọ́dọ̀ gbé pẹ́ lórí àjà kó tó rọlẹ̀. Bí kò bá tíì rọlẹ̀, ojú kò lè mọ̀ ọ́n, òórùn kò lè sọ ọ́, ṣùgbọ́n bó bá kan ahọ́n, yóò ta ọ́ títí omi á fi dà lójú rẹ. Èyí tó ti gbó kò ní ta ọ́. Yóò kàn korò díẹ̀, á sì lọ. Ìyá mi máa ń sọ pé kí n má fi ọṣẹ tó bá ta ahọ́n mi kan ara ọmọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo rí i tí ìyá ọkọ mi náà ń tọ́ ọṣẹ wò, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀ sí i. Mo ní, ilé tí mo wá yìí kò jìnnà púpọ̀ sí ilé tí mo ti wá.

Wọ́n bí Sàlámátù. Àkọ́bí mi ni. Ìyá wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó mú ìró kan jáde, èyí tó ró lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ Bùàké. Fífọ̀ ti sọ ọ́ di rírọ̀, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí. Mo rò pé ó fẹ́ fi bo ọmọ ni. Ó fi eyín já a létí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á ya, pẹ́ẹ́ẹ́, pẹ́ẹ́ẹ́, títí tó fi di àkísà ìdí ọmọ. Ràímì ní, "Ìyá, aṣọ funfun tuntun wà lọ́jà, mo lè rà á." Ó ní, "Aṣọ tuntun le. Ìdí ọmọ mi kò gba ohun tó le." Ó kó wọn fún mi. Bó ṣe ń fi ìfẹ́ hàn nìyẹn, ó gba àkókò kí n tó mọ̀ ọ́n.

Fífọ aṣọ ìdí ọmọ kì í ṣe ohun tí à ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ẹ̀ ń rò pé omi àti ọṣẹ ni, ó tán. Omi tútù ni a kọ́kọ́ fi ń ṣan ìgbẹ́ rẹ̀ kúrò, nítorí omi gbígbóná á jẹ́ kí àbàwọ́n jókòó sínú aṣọ. A ó rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ, a ó bó o, a ó lù ú, a ó sè é nínú ìkòkò tí a kò fi se nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn náà ni ṣíṣàn, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà, nítorí kànga jìn, omi kò sì pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mùsùlùmí ni wá. Bí ọmọ bá tọ̀ sí bàbá rẹ̀ lára, bàbá kò lè kírun títí yóò fi wẹ̀ ẹ́ nù. Nítorí náà, aṣọ tí kò bá mọ́ délẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyàwó nìkan, ọ̀rọ̀ ilé ni. A kì í sá a sórí koríko, nítorí eṣinṣin máa ń yé sí i, ọmọ rẹ̀ á sì wọ ara ọmọ ènìyàn lọ. Orí okùn ni, nínú oòrùn gangan, lẹ́yìn náà a ó fi irin eléèédú lọ̀ ọ́.

Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ohun kan ni kò sí lọ́wọ́ ìyá ọmọ. Ní ilé wa, ìyá ọkọ ló ń yan ọṣẹ. Kò sẹ́ni tó kọ òfin náà síbì kan, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè. Ìyá ọmọ ń fọṣọ, ìyá ọkọ ń yan ọṣẹ. Ìyá yan ọṣẹ dúdú ti ilé, èyí tí àwọn ìyá wa ń se tí wọ́n ń di sínú ewé, tí àwọn tó bá ń bọ̀ á fi sínú ẹrù, gba ọ̀nà Kùmásí wá bá wa. Sàlámátù lò ó títí ó fi jókòó, ara rẹ̀ ń dán. Àwọn obìnrin ilé á gbé e, wọ́n á fi imú sí i ní ìdí, wọ́n á ní kò rùn rárá.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Ó wó afárá kan lójú ọ̀nà, kàmíyọ̀ tó ń kó ẹrù wa bọ̀ dúró sí òdìkejì, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí yóò dé. Ọṣẹ dúdú tán. Ààwẹ̀ Ramadan sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá ní kí a lọ bá Fàntá, kí a ra kabakúrú. Mo pọn Sàlámátù, mo tẹ̀lé e.

Ojú mi ló ṣe. Fàntá rí wa, ó bu ọṣẹ díẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe, ó nà án sí Ìyá. Ìyá ti ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní, "Mo ń gbààwẹ̀." Fàntá náà ń gbààwẹ̀, ó sì mi orí pé òun gbọ́. Ṣé ẹ rí i, àfáà wa ti wàásù rí pé ẹni tó bá fi ahọ́n kan nǹkan tí kò gbé e mì, ààwẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń se oúnjẹ ló ń sọ ọ́ fún. Ṣùgbọ́n Ìyá kò fẹ́ ààwẹ̀ tí ẹnikẹ́ni yóò ṣàlàyé fún un. Nǹkan kan kò gbọ́dọ̀ kan ahọ́n rẹ̀ títí oòrùn fi máa wọ̀. Ó fi ojú yan ọṣẹ lọ́jọ́ náà, ó gbé èyí tó funfun jù, a sì lọ sílé. Ó ti ń ra ọṣẹ lọ́wọ́ Fàntá láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sí ìgbà kan tí ọṣẹ náà já a kulẹ̀.

Kò pẹ́ tí ìdí Sàlámátù fi pọ́n. Ó pọ́n, ó lé, ó bó. Bó bá tọ̀, á kígbe bí ẹni tí omi gbígbóná dà lé lórí. Kò lè jókòó mọ́, ikùn ló fi ń sùn. A gbé e lọ sí díspáńsẹ̀, wọ́n fún wa ní oògùn aláwọ̀ àlùkò kan, ó gbẹ díẹ̀, ó tún bó padà. Mo wá ń fọ aṣọ ìdí rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo ń fi ọṣẹ sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí mo rò pé ìdọ̀tí ni. Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ tó ni ó ń le tó. Mo sunkún nígbà yẹn. Mo máa ń lọ sunkún sí ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀, kí Ìyá má bàa rí mi.

Bàbá Lásísì, àbúrò bàbá Ràímì, ń múra láti lọ sílé lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, nítorí wọ́n ti ń tún afárá náà ṣe. Ìyá pe ọkọ mi àti èmi. Ó ní, "Omi ìlú yìí kò bá ara ọmọ náà mu. Kí ìyàwó gbé e, kí wọ́n bá Bàbá Lásísì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Bó bá mu omi ilé, yóò san." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí nǹkan náà ń dùn. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀.

Kí ẹ má rò pé ìrìn àjò fàájì ni. Ìyàwó tó bá gbé ọmọ lọ sílé nígbà yẹn kò mọ ọjọ́ tí yóò padà. Ọdún lè gorí ọdún. Ọkọ á nílò ẹni tí yóò se oúnjẹ, wọ́n á sì mú ìyàwó mìíràn wọ yàrá rẹ. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ nínú agbo ilé wa gan-an, ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìyẹn nìkan kọ́. Ojú ọ̀nà náà le, eruku, oòrùn, ẹ̀yìn kàmíyọ̀ lórí ẹrù, tí ìdí ọmọ sì ti di egbò. Ọmọ ìyàwó kan ní ilé kejì sí wa ti kú lójú ọ̀nà yẹn rí, ìlú tí wọn kò mọ ẹnì kankan ni wọ́n sin ín sí. Ohun tí mo ń rí nìyẹn bí mo bá di ojú.

Mo bá Ràímì sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá ti sọ̀rọ̀." Mo ní, "Ìwọ ńkọ́?" Ó ní, "Ṣé o rò pé ó wù mí ni?" Ẹni jẹ́jẹ́ ni bàbá yín, kò tàpá sí ìyá rẹ̀ rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù mi. Mo di ọṣẹ pàápàá mọ́ ọn, èyí tí mo máa fi fọ aṣọ ọmọ lójú ọ̀nà.

Ọdún ku ọjọ́ díẹ̀, mo wà nídìí òkúta, mo ń fọ aṣọ ìdí rẹ̀. Omi náà ń ta mí. Mo gbé ọwọ́ wò, mo rí i pé àárín ìka mi ti ń bó, àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí bí ti Sàlámátù. Mo jókòó sílẹ̀. Mo ní, èmi ti ń mu omi Bùàké láti ọjọ́ tí mo ti dé, kò ṣe mí ní nǹkan kan, kí ló wá ń bó mi lọ́wọ́? Èmi kò gbààwẹ̀ lọ́dún yẹn, nítorí mo ń fún ọmọ lọ́mú. Mo bu ọṣẹ náà, mo fi lé orí ahọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ, ó jó mi. Mo tu ú dànù, mo bu omi yọ́ ẹnu, ó ṣì ń jó mi. Níbẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti yé mi. Láti ìgbà tí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni gbogbo ìlú ti ń fọ aṣọ de ọdún, ọṣẹ Fàntá ń tán kó tó gbẹ. Kò ráyè gbé e pamọ́ kó rọlẹ̀ mọ́. Ẹni kan ṣoṣo tí ìbá mọ̀ lọ́jà náà ni Ìyá, Ìyá sì ti fi ahọ́n rẹ̀ fún Ọlọ́run lóṣù náà.

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rù bà mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ta ni yóò sọ fún Ìyá pé ọwọ́ rẹ̀ ló mú ohun tó ń jó ọmọ ọmọ rẹ̀ wọlé? Ìyàwó tí kò tíì bí ju ọmọ kan lọ? Bí mo bá sọ ọ́ tó sì bí i nínú, mo ti lọ nìyẹn, n kò sì ní padà láéláé. Bí n kò bá sọ ọ́, mo ti lọ náà nìyẹn. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà sínú láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo se ẹ̀kọ, mo dín àkàrà, iyọ̀ àkàrà pọ̀ jù, n kò sì mọ̀.

Oòrùn wọ̀. Ìyá mu omi, ó jẹ àkàrà oníyọ̀ náà tán, ó kírun. Nígbà tó ká ẹní rẹ̀ tán, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ bá mi tọ́ ọṣẹ yìí wò. Ọṣẹ dúdú nìkan ni ahọ́n tèmi mọ̀ dáadáa."

Ó wò mí. Ó gba ọṣẹ, ó bù ú, ó fi lé orí ahọ́n, ó di ojú bí ó ti máa ń ṣe. N kò gbàgbé ojú yẹn. Kò tu ú dànù kíákíá. Mo rí i tí omi ń bọ̀ lójú rẹ̀, síbẹ̀ kò tu ú. Lẹ́yìn náà ló tó tu ú, ó yọ́ ẹnu, ó ní, "Gbé ọmọ wá." Mo gbé Sàlámátù fún un. Ó tú aṣọ ìdí rẹ̀, ó wo egbò náà nínú ìmọ́lẹ̀ tó kù, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lára. Ó gbé ọmọ padà fún mi láìdì í, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó ti ìlẹ̀kùn. Ràímì ń wò mí, èmi náà ń wò ó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Lásísì wá wo ẹrù tí a óò dì sínú kàmíyọ̀. Gbogbo agbo ilé wà níta, àwọn obìnrin wà nídìí òkúta. Ìyá jáde, ó lọ tààrà síbi ẹrù mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Bàbá Lásísì ní, "Ìyá Ràímì, kí ló dé?"

Ó ní, "Wọn ò lọ mọ́. Kì í ṣe omi. Ọṣẹ ni."

Bàbá Lásísì ní, "Ta ló ra ọṣẹ tó ń bó ọmọ nídìí wá sílé?"

Àwọn obìnrin dá aṣọ lílù dúró. Mo tẹ orí mi ba, mo ń bẹ Ọlọ́run kó má jẹ́ kó dáhùn. Ìyá yọ ọṣẹ náà láàárín ẹrù mi, ó gbé e sókè kí gbogbo wọn rí i. Ó ní, "Èmi ni. Mo rà á láìtọ́ ọ wò. Ìyàwó yìí ló mọ̀ ọ́n." Ó gbé ọṣẹ náà fún mi, ó tẹ̀ síwájú, ó ń kó aṣọ mi padà sínú yàrá fúnra rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Ẹ̀rù tó bà mí lára rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti wọlé, ọjọ́ náà ló tán. Ohun tó rọ́pò rẹ̀, n kò mọ orúkọ tí mo lè pè é bí kò ṣe ìfẹ́.

A kó gbogbo aṣọ ìdí Sàlámátù, a rẹ wọ́n sínú omi lásán, a sè wọ́n láìfi ọṣẹ sí i, a ṣàn wọ́n títí omi kò fi yọ̀ lọ́wọ́ mọ́. Ìyá ló ń fa omi kànga fún mi, tòun ti ààwẹ̀ lẹ́nu. A fi òrí pa ọmọ náà lára. Nígbà tí ọdún dé, mo pọ̀n ọ́n lọ sí pápá ìkírun, ó sùn lẹ́yìn mi, kò ké. Ọṣẹ Fàntá, a kò dà á nù. A kì í da ọṣẹ nù láyé ìgbà yẹn. A gbé e sórí àjà títí ó fi rọlẹ̀, a sì fi fọ aṣọ Ràímì títí ó fi tán. Fàntá pàápàá, nígbà tí Ìyá sọ fún un, ó mú òrí wá fi bẹ ọmọ wò, ó ní òun kò ní ta ọṣẹ tútù mọ́ fún ẹni tó ń tọ́mọ.

Láti ìgbà náà, bí ààwẹ̀ bá ti dé, Ìyá á mú mi dání lọ ra ọṣẹ. Bí mo bá ń tọ́mọ, tí n kò gbààwẹ̀, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní, "Ìyàwó, ahọ́n dà?" Màá tọ́ ọ wò, màá mi orí, á sì dúnàádúrà. Àwọn Jùlá ní Ànàgó tó ń jẹ ọṣẹ ti di méjì. Ìgbà yẹn ni mo rí i tó rẹ́rìn-ín lọ́jà.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí òmìnira dé, Ìyá dùbúlẹ̀ àìsàn. Apá kan ara rẹ̀ kú. Kò lè dìde lọ sí ilé ìyàgbẹ́ mọ́. Obìnrin gígùn yẹn, tí ojú rẹ̀ le, ó wá di ẹni tí à ń yí padà lórí ẹní. Ojú tì í. Ó máa ń yí ojú sí ògiri bí mo bá wọlé láti pa aṣọ abẹ́ rẹ̀ dà. Aṣọ tó wà nílẹ̀ le fún ara rẹ̀, ó sì ti ń pọ́n níbi tó fi ń sùn. Mo wọ yàrá mi, mo mú ìró tí mo ró wá sílé ọkọ, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo ń fà á ya. Ó gbọ́ ìró rẹ̀.

Ramadan ni. Èmi náà kò tọ́mọ lọ́dún yẹn, mo ń gbààwẹ̀. Wọ́n ra ọṣẹ wọlé láti ọjà, n kò mọ ẹni tó sè é. Mo jókòó ti agbada omi lójú fèrèsé rẹ̀, ní ọ̀sán gangan, mo bu ọṣẹ náà, mo fi lé orí ahọ́n. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, ó ti yí orí padà láti ibi ògiri. Ó ń wò mí.

Ó rọra sọ ọ́, nítorí ẹnu rẹ̀ ti wúwo. Ó ní, "Ìyàwó, ààwẹ̀ rẹ ńkọ́?"

Mo ní, "Màá san án, Ìyá."

Ó ní, "Ṣé ó ta ọ́?"

Mo ní, "Kò ta mí."

Ó ní, "Ó dára. Máa fọ̀ ọ́." Láti ọjọ́ náà, kò yí ojú sí ògiri mọ́ bí mo bá wọlé. Aṣọ yẹn ló wà lábẹ́ rẹ̀ títí tó fi kú, ara rẹ̀ kò sì bó. Àfáà ní n kò jẹ gbèsè ààwẹ̀ kankan, nítorí n kò gbé nǹkan mì. Mo san án síbẹ̀. Mo ti sọ fún un pé màá san án.

Ràṣídá, gba ọmọ rẹ, ó ti tọ̀ sí mi lára. Rárá, má bẹ̀bẹ̀, omi ni. Fi fóònù yẹn sílẹ̀. Tú ọṣẹ tó o rà, èyí tó wù kó jẹ́, kí o bu díẹ̀ sí mi lọ́wọ́.